Ìborùn Tí Rófíà Dúró Dè

Nígbàkígbà tí àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ tíṣà bá pè mí síbi ìpàdé wọn, ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá tí a ṣe nígbà tí mo jẹ́ alága ẹ̀ka wa ni wọ́n máa ń fẹ́ kí n sọ fún wọn: bí ọlọ́pàá ṣe yin tajútajú sí wa, bí mo ṣe sá wọ ilé ẹni ẹlẹ́ni, tí wọ́n sì gbé ẹ̀bà fún mi níbẹ̀. Mo ti sọ ọ́ títí ó fi sú èmi fúnra mi. Ìjà tí ọkàn mi máa ń padà lọ bá kì í ṣe ìyẹn. Èyí tí mò ń wí wáyé lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ní Igbein níbí, láàárín àwa àti àwọn tí a jọ ń kí ara wa láràárọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tí Rófíà, àbíkẹ́yìn mi, pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tí yóò fi parí, Rófíà ti ga jù mí lọ.

Rófíà kò gbọ́ràn. Ibà kan ló gba etí rẹ̀ kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa. Ilé ìwé àwọn adití ló ti kọ́ èdè ọwọ́, òun ló sì wá kọ́ mi nílé. Ọ̀gá tó le ni. Bí mo bá fi ọwọ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò tọ́, á kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín, á wá di ìka mi mú, á sì tò ó síbi tó yẹ kó wà. Nínú yàrá kíláàsì mi, èmi ni mò ń bá àwọn ọmọ wí. Bí mo bá délé, ọmọ ló ń bá mi wí.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ àdúgbò wa, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín nípa àgọ́ ìsinmi. Bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, tí òjò oṣù kẹjọ sì ti ń dákẹ́ díẹ̀, àwọn mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa máa ń kó àwọn ọmọdé lọ sí Ọ̀fàdà. Ọgbà ilé ìwé kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ìrẹsì ni wọ́n máa ń lò. Wọ́n á kéwú, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á dáná fúnra wọn, wọ́n á jóná lọ́wọ́ díẹ̀, wọ́n á sì máa fi ìyẹn ṣe fáàrí títí ọdún á fi yípo. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ló ṣáájú gbogbo ìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, lẹ́yìn ìrun Àsàrí, wọ́n á pín wọn sí agboolé. Agboolé kọ̀ọ̀kan ló ní irú àdìrẹ tirẹ̀. Obìnrin tó jẹ́ ìyá agboolé á wá mú ìborùn kékeré kan, á so ó mọ́ ọrùn ọmọ kọ̀ọ̀kan, á pe orúkọ ọmọ náà àti orúkọ bàbá rẹ̀, gbogbo ọmọ á sì jọ dáhùn sí i. Títí wọ́n á fi ṣe èyí tán, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun wà ní àgọ́. Bí wọ́n bá dé sílé, ẹ ó rí àwọn ìborùn náà lórí okùn káàkiri Igbein. Àwọn ìyá aláró ní Ìtòkú ló ń rẹ ẹ́ lọ́dọọdún, wọ́n ń fi ṣe sàráà. Àwọn ìyá wọn náà ló ń rẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀.

Àwọn ẹ̀gbọ́n Rófíà méjèèjì ti lọ sí àgọ́ rí. Ìborùn wọn wà lórí ìṣó lókè bẹ́ẹ̀dì. Rófíà máa ń fọwọ́ pa á lára, á sì bi mí léèrè pé ìgbà wo ni tòun. N kò fẹ́ kó máa wo aṣọ aláṣọ. Mo mú un lọ sí Ìtòkú lọ́jọ́ kan, mo ní kó mú èyí tó bá wù ú. A rìn láàárín àwọn ìsọ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí. Ó wo gbogbo rẹ̀, kò mú ìkankan.

“Ṣé kò sí èyí tó dára ni?” Mo fi ọwọ́ sọ ọ́.

Ó ní, “Gbogbo rẹ̀ ló dára. Èyí tí wọ́n bá so mọ́ mi lọ́rùn ni mo fẹ́.”

Bí a ṣe tibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Alàájì Bísí nìyẹn. Alàájì Bísí ló ń ta àdìrẹ lọ́pọ̀ ní Ìtòkú, òun náà sì ni alága ìgbìmọ̀ àgọ́. Mo sọ fún Rófíà pé kó jókòó síta, mo wọlé.

“Tíṣà! Ṣé kò sí o? Jókòó.”

“Kò sí, Alàájì. Ẹ kú ọjà o. Ọ̀rọ̀ àgọ́ ni mo bá wá. Rófíà fẹ́ lọ.”

Ó gbé aṣọ tó ń ká sílẹ̀. “Rófíà wo? Èyí tí kì í sọ̀rọ̀?”

“Ó ń sọ̀rọ̀, Alàájì. Ọwọ́ ló fi ń sọ ọ́.”

“Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pè é tí kò dáhùn ńkọ́? Tó bá rìn wọ oko ìrẹsì lọ? Èmi ni wọn ó dì mú o.”

“Múríì ọmọ yín gbọ́ràn dáadáa, òun náà sì rìn wọ oko ìrẹsì lọ ní èṣí. Gbogbo àgọ́ ló wá a kiri.”

Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Ẹnu rẹ yìí, Tíṣà! Mi ò kórìíra ọmọ náà. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ilé ló dára fún wọn. A ó ṣe nǹkan fún wọn, lágbára Ọlọ́hun. Fi í sílẹ̀ fún mi.”

N kò fi í sílẹ̀ fún un. Ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni mí, ohun àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ ni pé ẹnìkan kì í dá lọ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn òbí mìíràn. Ẹ̀yìnkùlé wa gan-an ni mo ti rí Ìyá Káọ̀sárà. A ti jọ ń kí ara wa fún ọdún pípẹ́, n kò mọ̀ pé ó bí ọmọ tí kò lè rìn, nítorí yàrá ẹ̀yìn ni ọmọ náà máa ń wà. Nígbà tí mo bèèrè pé ṣé Káọ̀sárà á fẹ́ lọ sí àgọ́, obìnrin náà kàn ń wò mí. Ó ní, “Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ohun tó fẹ́ rí.” Ó wá bú sẹ́kún, èmi náà sì bá a sun ún. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pálọ̀ mi kún. Bàbá ọmọ tí kò ríran wà níbẹ̀, ìyá ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kì í yára gba nǹkan wà níbẹ̀, àwọn òbí adití bíi tèmi sì pọ̀.

Alàájì Bísí náà mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Kí ìsinmi tó dé, ó ránṣẹ́ sí wa pé ìgbìmọ̀ ti ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀. Ọjọ́ Àwọn Ọmọ Akàndá ni wọ́n pè é. Wọ́n ta kánópì síwájú mọ́ṣáláṣí, wọ́n se ìrẹsì Ọ̀fàdà tí òórùn ọbẹ̀ ata rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò, wọ́n pe ẹni tó ń ya fọ́tò. Àwọn ọmọ wa jókòó níwájú, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti kun ìpara. Káọ̀sárà jókòó lórí kẹ̀kẹ́ arọ tí a yá, ojú rẹ̀ ń tàn, ó ń wo gbogbo ènìyàn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sílé ayé.

Ìyá aláró kan ti kó àwọn ìborùn àgọ́ ọdún yẹn dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n sì tò wọ́n sórí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ro nǹkan kan sí i. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìkíni, Àáfà dìde, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yẹn, ó ní kí àwọn ọmọ wá tò. Àdúà ìwòsàn ló fẹ́ ṣe fún wọn. Ó ti ka Kùránì sínú omi.

Rófíà kò gbọ́ ohun tó sọ. Ó rí ìborùn. Ó rí àgbàlagbà tó dúró tì í. Ó rí àwọn ọmọ tó ń tò. Kí n tó nawọ́ mú un, ó ti sáré lọ sí iwájú pátápátá. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká híjáàbù rẹ̀ sókè kúrò lọ́rùn, ó tẹ orí ba, ó sì ń dúró. Àáfà gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó ka tirẹ̀ tán, ó bu omi sí i lórí, omi sì ń ṣàn gba ọrùn rẹ̀ wọ inú aṣọ. Rófíà kò gbéra. Ó ṣì ń di híjáàbù mú, ó ṣì ń retí. Wọ́n ní kí ọmọ tó kàn wá. Ìgbà tí wọ́n rọra fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló tó yíjú wò mí. Mo ti ń sọ ìtàn yìí láti ọdún wọ̀nyí wá, n kò tíì rí ọ̀rọ̀ tó tó ojú yẹn sọ.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín oúnjẹ. Ìyá Káọ̀sárà, tí kì í sọ̀rọ̀ níbi tí ènìyàn bá pọ̀ sí, ni ó kọ́kọ́ gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀. Ó rọra tì í jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá ọmọ afọ́jú náà gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Èmi dìde.

“Alàájì, ẹ ṣeun, Ọlọ́hun á san án fún yín. A ò ní jẹun.”

Àáfà ní, “Oúnjẹ sàráà lẹ kọ̀?”

“Ẹ má bínú, Àáfà. Àgọ́ la bèèrè. Ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ fún wa, ẹ sì fi àwọn ọmọ wa sí ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ náà.”

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà tó wà níbẹ̀ kígbe mọ́ mi. “Ìwòsàn là ń tọrọ fún ọmọ rẹ o! Ṣé o ò fẹ́ kó sàn ni?”

“Mo fẹ́ kó lọ sí àgọ́, mà.”

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó túmọ̀ sí nílẹ̀ Ẹ̀gbá kí ènìyàn kọ oúnjẹ àgbà lójú gbogbo ayé. Aláìmoore ni orúkọ tí wọ́n sọ wá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ò bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Iléyá, ẹran tó fi ránṣẹ́ sí wa sì jẹ́ egungun lásán. Ọkọ mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó kéré tán a ò tíì kúrò nínú ẹbí.

Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì ń lọ sí Ọ̀fàdà, a di ẹrù fún àwọn ọmọ wa. A di ẹní, a di ife ìmumi, a di aṣọ ìyípadà, bíi ti gbogbo ọmọ. A kó wọn wá, a sì jókòó nílẹ̀ pẹ̀lú wọn níwájú bọ́ọ̀sì. A ò pariwo. Awakọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó wò wá, ó padà lọ jókòó, ó ní òun ò ní gun orí ọmọ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ tó wà nínú bọ́ọ̀sì yọjú láti fèrèsé, àwọn kan ń juwọ́ sí Rófíà, nítorí wọ́n jọ ń ṣeré nílé. Rófíà ń juwọ́ sí wọn padà. Ó dá a lójú pé òun á wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí oòrùn ti mú gan-an, wọ́n rọra kó àwọn ọmọ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn sínú ọkọ̀ mìíràn, wọ́n lọ. A ṣì jókòó síwájú bọ́ọ̀sì tó ti ṣófo.

Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà lọ́dún lẹ́yìn rẹ̀, títí ọdún mẹ́fà fi pé. Ó ti rẹ àwọn kan nínú wa. Mo mọ bó ṣe máa ń rí bí ìjà bá pẹ́: àwọn ènìyàn á kọ́kọ́ máa pẹ́ dé ìpàdé, lẹ́yìn náà wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Rófíà náà ò bèèrè mọ́ pé ìgbà wo ni. Ó ti mú ojú kúrò lára ìṣó lókè bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó wù mí kó tún máa yọ mí lẹ́nu.

Lójú ọ̀nà ọjà ni ọgbọ́n ti dé bá mi. Gbogbo ọdún tí mo lò nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ohun tí mo fi ń kọ́ ènìyàn ni pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ló ni agbára, bó bá ti lè fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Kí ló wá dé tí a fi ń jókòó síwájú bọ́ọ̀sì? Bọ́ọ̀sì pọ̀ nílùú. Ìborùn ni kò sí lọ́dọ̀ ẹlòmíì, àfi àwọn aláró. Mo mú Rófíà dání, a lọ bá Ìyá Sàrátù, olórí àwọn aláró, nídìí ìkòkò aró rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti di aró títí dé ìgbọ̀nwọ́. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún un.

Ó gbọ́ mi tán, ó yíjú sí Rófíà. “Kí ni òun fúnra rẹ̀ fẹ́?”

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Rófíà. Rófíà kò fi èdè ọwọ́ dáhùn. Ó kúnlẹ̀ síwájú màmá náà, ó tẹ orí ba, ó sì fi ìka kan ọrùn ara rẹ̀.

Ìyá Sàrátù yíjú padà sí ìkòkò rẹ̀. Ó kàn ń ro aró rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, “Ṣé Bísí mọ̀ pé ìyá mi ló rẹ ìborùn bàbá ẹ̀? Èmi ni mo rẹ tiẹ̀ náà. Ẹ máa lọ sílé. N ò ní rẹ ìborùn kankan fún àgọ́ tí wọ́n ti ń yan ọmọ.”

Ó bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀, gbogbo wọn sì fi ohùn sí i. Àwọn ìkòkò aró Ìtòkú ń ṣiṣẹ́ ti ọjà bí wọ́n ti ń ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ti àgọ́. Alàájì Bísí lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n bu omi fún un mu, wọ́n kí i, wọn kò gbà. Inú bí i. Ó lọ ra àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti Ṣáínà, ó gé e wẹ́wẹ́, ó ní aṣọ náà ni aṣọ. Òun tó jẹ́ oníṣòwò àdìrẹ, tó máa ń bú àwọn tó ń ta ti ẹ̀rọ! Àwọn ọmọ so ó lọ, wọ́n so ó bọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ó ṣí funfun. Gbogbo Igbein ló rí wọn lórí okùn. Àwọn ìyá tí kò bá wa jókòó rí ni wọ́n lọ bá Alàájì nílé. Wọ́n ní àwọn ò mọ nǹkan kan nípa ìjà Tíṣà, àmọ́ aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọmọ àwọn kì í ṣe ìborùn.

Kí ìsinmi mìíràn tó dé, Alàájì wá sí pálọ̀ mi. Ó jókòó, ó mu omi.

“Tíṣà, o ti bá mi jà tó.”

“N ò bá yín jà, Alàájì. Ẹ̀yin lẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà.”

“Ó dára. Gbogbo wọn á lọ. A ti rí ẹni tó gbọ́ èdè ọwọ́, káfíńtà sì ti ń bá wa kan pákó tí kẹ̀kẹ́ á máa gùn. Rófíà ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ lọ.”

Mo pe Rófíà kó wá kí i. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó dìde. Alàájì gbé ojú sókè wò ó. Ọmọ tó bá ti kọjá ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í lọ sí àgọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló dúró níwájú rẹ̀.

Mo lọ sí Ọ̀fàdà lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Mo rí Káọ̀sárà lórí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, òun ló kéré jù nínú àwọn ọmọ wa nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò fi tíì kọjá ti àgọ́. Ìyá agboolé so ìborùn mọ́ ọn lọ́rùn, ó pe orúkọ rẹ̀, gbogbo ọmọ jọ dáhùn sí i. Ìyá rẹ̀ dì mí mú. Inú mi dùn dé ibi tí mi ò lè sọ, mo sì ń wá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan kiri láàárín wọn. Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Mo ṣáà ń wá a.

Ìyá Sàrátù ti fi ìborùn kan lé mi lọ́wọ́ kí n tó lọ. Ó ní, “Ti ọmọ tó kúnlẹ̀.” Mo gbé e délé. Rófíà gbà á, ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀, ó fi ìka tọ ọnà ara aṣọ náà láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Kò bínú. Ó fi ọwọ́ sọ ọ́ fún mi, ó rọra sọ ọ́ kó lè yé mi: “Ọmọ kékeré kan ló fẹ́ ẹ, Màámi. Ọmọ yẹn ti lọ. Ẹ bá a tọ́jú rẹ̀.” Ó ká a, ó dá a padà fún mi.

Ìbàdàn ló wà báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. A máa ń ríra lórí fídíò fóònù lálaalẹ́, ó sì ṣì ń bá ìka mi wí. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, ṣùgbọ́n ìyẹn mọ níwọ̀n, nítorí mo lè wọ ọkọ̀ lọ bá a. Ọ̀dọ̀ ọmọ tó di híjáàbù mú sókè yẹn ni mi ò rí ọkọ̀ tó lọ síbẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá wá bi mí pé ṣé a borí, mo máa ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, a borí: ẹ lọ wo àgọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a torí rẹ̀ jà kò jẹ nínú rẹ̀, mi ò sì ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Bí ẹ bá ń jà fún ọmọdé, ẹ yára. Ọmọdé kì í dúró de ìpàdé ìgbìmọ̀.

Gbèsè sì ṣì wà nílẹ̀. Lọ́dọọdún tí bọ́ọ̀sì bá fẹ́ gbéra, mo máa ń lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, orúnkún mi ìbáà máa ro mí. Àwọn tó ti lọ ní èṣí á so ìborùn wọn wá. Mi ò wo inú bọ́ọ̀sì mọ́, òdìkejì títì ni mo máa ń wò. Lọ́dún yìí, mo rí obìnrin kan tó dúró síwájú ìsọ̀ káàdì fóònù. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń pọ̀n lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ dé orúnkún ìyá rẹ̀. Ìyá ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan. Ọmọ kò ṣe bí nǹkan kan, ìborùn ọrùn àwọn ọmọ ló ń wò.

Mo sọdá lọ bá wọn.

“Ẹ káàárọ̀ mà,” obìnrin náà ní, ó sì yára sọ pé òun kàn ń kọjá lọ ni.

“Mo mọ̀,” mo ní. “Kí lorúkọ ọmọ wa?”

Kí ìyá rẹ̀ tó la ẹnu, ọmọ náà gbé orí sókè lẹ́yìn rẹ̀, ó sì dárúkọ ara rẹ̀ fún mi. Mo gbé ọwọ́ sókè sí awakọ̀ pé kó má tíì gbéra.